Ẹni Eji Rí Leji Ń Pa: Ìrìn Ojoojúmọ́ Wa àti Àjálù Nílùú Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè tó jókòó níwájú, ìyálọ́jà àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin ọlọ́kadà tó pa iṣẹ́ tì wá síbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ nítorí pé àga ò tó, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Ọmọ Lísàbi, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ẹ̀gbá, tí Abẹ́òkúta gbà lálejò títí ẹ fi di onílé, ẹ̀yin náà ẹ kú àpéjọ. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àjálù. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ rò pé mo máa sọ pé kí ẹ má da ilẹ̀ sí gọ́tà, kí ẹ má kọ́lé sójú àgbàrá, kí n sì lọ jókòó. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ títí, ọmọ yín tó wà ní jẹ́léósinmi pàápàá lè kà á lórí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá lónìí. Ibi tí ẹsẹ̀ wa ń gbé wa lọ láàárọ̀, ọ̀nà tó ń gbé wa gbà, ẹni tí a fi sílé, àti aago tí a ń padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná, níbo lẹ wà? Àwọn tó wà nínú ilé tí wọ́n ń sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ tó wà lókè ò tó nǹkan. Màmá kan níwájú ń sọ pé inú ọkọ̀ ni àwọn wà ní Pánṣẹ́kẹ́, mọ́tò ò lọ, kò bọ̀. Ẹ kú ìfaradà, Mà.

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé òwe yìí. Eji kì í béèrè pé níbo nilé rẹ. Kì í béèrè pé àdúgbò wo ni wọ́n kọ orúkọ rẹ sí. Ibi tó bá ọ lo ti máa bá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣètò ìlú. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Ẹ̀yin tó ti dàgbà nígbà náà, ẹ rántí bó ṣe rí? Wọ́n ní kí oníkálukú dúró sílé kí wọ́n lè rí i kà. Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè ka agbo tó ń sáré. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Abẹ́òkúta tó wà nínú ìwé ìjọba, Abẹ́òkúta tó jókòó sílé ni. Ìlú yẹn ò sí lọ́sàn-án. Bó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ti tú ká, ó ti lọ kóra jọ síbòmíràn.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan àjálù nínú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ òkèèrè méjì hàn yín.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní Kashmir, lápá tó wà lábẹ́ Pakistan. Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù. Lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, àwọn ọmọ ń lọ síléèwé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ilé wó lé wọn. Nǹkan bí 17,000 ọmọ iléèwé ló bá ìjàǹbá náà lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, ọdún 2015, ilẹ̀ mì ní Nepal, ó tiẹ̀ le ju ti Kashmir lọ díẹ̀. Sátidé ni òun náà, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iléèwé ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n fi ń sinmi ní Nepal, bí àwa ṣe ń fi Sọ́ńdè sinmi. Kò sí ọmọ kankan nínú kíláàsì tó wó. Nǹkan bí 9,000 èèyàn ló kú lọ́jọ́ náà, ìbànújẹ́ ńlá ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ilẹ̀ mì níhìn-ín, ilẹ̀ mì lọ́hùn-ún. Ilé wó níhìn-ín, ilé wó lọ́hùn-ún. Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wà ló yàtọ̀.

Mo tún ní ọ̀kan, èyí dùn ún gbọ́ díẹ̀. Ní California, l'Amẹ́ríkà, ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 1989, ilẹ̀ mì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gẹ́lẹ́ ìgbà tó yẹ kí òṣìṣẹ́ há sójú títì. Afárá alájà méjì kan ní Oakland wó, tòkè wó lu tìsàlẹ̀, èèyàn 42 kú síbẹ̀. Àwọn tó mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń pọ̀ lórí afárá yẹn ti kọ́kọ́ rò pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni. Kí ló dín in kù? Bọ́ọ̀lù! Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball ti San Francisco àti ti Oakland fẹ́ kojú ara wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti tètè kúrò níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè ráyè wò ó. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ń bá ọkọ jà lórí bọ́ọ̀lù, mi ò ní kí ẹ má jà mọ́ o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Abẹ́òkúta gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ẹ bá mi ká lọ pẹ̀lú aago. Ní ìdájí, kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán, ọkọ̀ Èkó ti ń pe èrò ní Kútọ̀. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà Láderin lọ. Èèyàn wà láàárín wa tó jẹ́ pé Abẹ́òkúta ló ń sùn, Èkó ló ti ń jẹun ọ̀sán. Bó bá di aago méje, àwọn ọmọ iléèwé ti kún ojú ọ̀nà, mẹ́ta mẹ́rin lórí ọ̀kadà kan. Aago mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gun Òkè-Mọ́sàn lọ. Aago mẹ́wàá, àwọn tó ń ra àdìrẹ ti dé Ìtòkú láti ìlú gbogbo, àwọn olóko ti sọ ẹrù kalẹ̀ ní Láfẹ́nwá, àwọn àlejò ń gun Olúmọ ya fọ́tò. Ní àkókò yẹn, ẹ lọ wo àwọn àdúgbò Ọbáńtokò. Gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Géètì títì, arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì, ọmọdé méjì nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìtòkú tí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ò tó nǹkan, ibẹ̀ lèèyàn ò ti ríbi fẹsẹ̀ sí.

Òjò wá ńkọ́? Àwa tí a kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, a máa ń sọ ọ́ fún wọn báyìí: oòrùn á gbóná mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, ilẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi á gòkè, á di ìkùukùu, ìkùukùu á ṣú, bó bá fi máa di aago mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, ó ti já lulẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òjò ló ń rọ̀ bẹ́ẹ̀, ti òru wà, ti àárọ̀ wà. Àmọ́ èyí tó máa ń fi ìjì àti àrá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ràn jù.

Ìgbà wo làwọn ọmọ ń jáde níléèwé? Aago méjì. Àwọn tó ń ṣe lẹ́sìnnì? Aago mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba? Aago mẹ́rin. Àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́ nígbà wo? Aago márùn-ún, aago mẹ́fà. Ẹ ò rí i pé wákàtí tí òjò fẹ́ràn ni wákàtí tí a fẹ́ràn! Orí àpáta sì ni wọ́n tẹ ìlú wa dó. Omi ò ríbi wọlẹ̀ kíákíá, àfi kó sáré wá sísàlẹ̀. Odò Ṣókòrí tó gba àárín ìlú kọjá, tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń dà bó bá ti rọ̀ lókè.

Ọjọ́ Ẹtì ni òjò ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 2018. Ìjẹ̀un-Títún wà lára ibi tó kàn. Ẹ̀mí lọ, ilé lọ, ọjà lọ, mọ́tò sì wà lára ohun tí omi wọ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, nítorí àwọn tó pàdánù èèyàn wọn lè wà nínú yàrá yìí. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe àwọn tó kọ́lé sétí odò nìkan ló wà nínú ewu irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ wà níbẹ̀. Ẹni tó kàn wá ra nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó yà sábẹ́ búkà nítorí òjò wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Omi tó ń sáré, bó bá ti ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ díẹ̀, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá tó ìdajì ojúgun, nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Bó bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tí kò lè wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ju ìdajì lọ nínú àwọn tí omíyalé ń pa ló jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n wakọ̀ wọnú omi fúnra wọn. Kí ló dé tí èèyàn á fi wakọ̀ wọnú omi? Ó ń lọ sílé ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀, ó sì ń rò pé òun mọ̀ ọ́n. Tàbí èrò ló ń pariwo lẹ́yìn pé, "Dírẹ́bà, ẹ máa lọ jàre, àwọn tó ṣáájú ti kọjá!" Èrò ọkọ̀, ẹ dákun, ẹ yé ti dírẹ́bà sínú omi.

Ọ̀rọ̀ àlejò tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìlú mìíràn wá gbalé ní oṣù Kejì ọdún, àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé náà mọ́, owó rẹ̀ ò pọ̀, kànga wà níbẹ̀. Kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí owó rẹ̀ ò fi pọ̀, rárá. Onílé mọ ibi tí omi máa ń dé lára ògiri. Ó ti kùn ún! Ẹ̀yin onílé, ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé afárá Láfẹ́nwá. Odò Ògùn pín wa sí méjì. Ẹni tó wà ní Láfẹ́nwá, ní Ìta-Oṣìn, ní Olómoore, bí wọ́n bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè tàbí sí FMC Ìdí-Abà, odò ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọdá. Ní aago méjì òru, ìyẹn ò le. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí òjò ń rọ̀, tí tírélà kan sì ti dábùú ọ̀nà, kí ni a fẹ́ ṣe? Afárá ọ̀hún kan náà ni. Aago ló yàtọ̀.

Mo fẹ́ kúrò lójú títì báyìí, kí n padà sínú ilé. Nítorí bí ẹsẹ̀ wa bá ti jáde, ó ní àwọn tí a fi sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2004, omi òkun ya wọ ilẹ̀ Aceh ní Indonesia, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tsunami. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni. Àwọn ọkùnrin apẹja kan ti wà lójú agbami. Lójú agbami, ìgbì tsunami kì í ga, ó máa ń gba abẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọjá láìfura ni. Etíkun ló ti ń dìde dúró. Àwọn obìnrin wà nílé létíkun pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní àwọn abúlé kan tí wọ́n kà lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó yè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta obìnrin tó yè. Kì í ṣe pé omi kórìíra obìnrin. Iṣẹ́ òòjọ́ ló pín wọn, tí ọ̀kan fi wà ní ibí, tí èkejì fi wà ní ọ̀hún.

Tiwa ńkọ́? Ta ló wà nílé ní Abẹ́òkúta ní aago méjì ọ̀sán? Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tiléèwé dé. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ẹni tó ń ṣàìsàn. Àwọn tí kò lè sáré la kó jọ síbì kan, a wá kó gbogbo ẹni tó lè sáré kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ tún tì wọ́n mọ́lé. Mo mọ obìnrin kan tó ń tajà. Bó bá ti kúrò láàárọ̀, yóò fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta, àwọn ọmọ á wà nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ gbé ni?" Mi ò lè bá a jà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ nínú ilé yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà ní máìlì mélòó sí i? Bí omi bá wọlé ńkọ́? Ará ilé kejì lè gbọ́ igbe, kò lè ṣílẹ̀kùn.

Ní ayé àtijọ́, agboolé ò ṣófo. Bí àwọn kan lọ oko, àwọn kan wà nílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lónìí, ilé fúláàtì mẹ́fà, ìdílé mẹ́fà, gbogbo wọn jáde láago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n wọlé láago mẹ́jọ alẹ́, wọn ò mọ orúkọ ara wọn. Lójú tèmi, èyí léwu ju gọ́tà dídí lọ. Wọ́n lè gbá gọ́tà ní Sátidé ìmọ́tótó.

Mo máa yára kan apá kejì ẹsẹ̀. Kì í ṣe ewu nìkan là ń rìn lọ bá, àwa náà lè gbé e rìn. Ní ìparí oṣù Kejì, ọdún 2020, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, Èkó ló bà sí láti Ítálì, Ewékorò nítòsí wa níbí ló sì wá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lọ́dún 2014, Èbólà bá bàlúù wọ Èkó. Kí ló mú kó tán láàárín oṣù mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé èèyàn 20 ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, tí 8 nínú wọn kú, bí Èkó ṣe tóbi tó yẹn? Ipasẹ̀ ni wọ́n tọ̀. Ta ló fọwọ́ kàn án? Ta lonítọ̀hún tún rí? Nǹkan bí 900 èèyàn ni wọ́n wá kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti sọ fún gbogbo Èkó pé kó jókòó sílé nìkan, ṣé ẹ rò pé ì bá tó? Àwa náà rí ìsémọ́lé ọdún 2020. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lóòjọ́ ló ń jẹ, ẹ ò lè ní kó má rìn. Ebi náà jẹ́ àjálù.

Nítorí náà, mi ò wá síbí láti ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹ jáde. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí a wà ni mo ń sọ.

Ìrìn kan ló kù tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, ìrìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, ó wó olú ìlú wọn. Àwọn onímọ̀ kan lo àmì tí fóònù àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ láti mọ ibi tí wọ́n sá lọ. Ó lé ní 600,000 tó kúrò níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbo ni wọ́n lọ? Ibi tí wọ́n ti ṣe ọdún Kérésìmesì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ibi tí èèyàn ti ń jẹ ẹran ọdún ló ń sá lọ bí ìlú bá dàrú. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹbí ní Èkó tó ń wá síbí fún iléyá, fún Kérésì, fún ọjọ́ Lísàbi? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Èkó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, yàrá yín ni wọ́n máa wá sùn. Àwọn tó sá fún ogun ló tẹ ìlú yìí dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830, a mọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn. Ṣùgbọ́n omi mímu, ilé ìwòsàn, iléèwé, ta ló ti ṣírò wọn mọ́ àlejò?

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú ní aago méjì, ẹ má tú àwọn ọmọ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ dá wọn dúró kó dá, kí ẹ sì ti sọ fáwọn òbí tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe, kí wọ́n má bàa sáré wọ àgbàrá torí pé wọ́n ń wá ọmọ. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri, kí ayálégbé rí i kó tó sanwó. Mo mọ̀ pé owó ilé á dín kù. Kó dín kù. Ìyálọ́jà wa, ẹni kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan tí yóò mọ àwọn tó dé láti ìlú mìíràn, tí yóò sì lè fi ọ̀nà òkè hàn wọ́n, ìyẹn ò gba owó lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀yin alága gáréèjì, ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, lórí òjò, àti ìròyìn pé wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀ ní ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, gáréèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí ìdídò yẹn, odò Ògùn ni omi rẹ̀ ń gbà wá, ẹ̀yin lẹ sì ń gba orí odò Ògùn kọjá lójoojúmọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ní ìwé kan lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ arúgbó, aláìsàn tàbí ọmọdé tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án sí i, àti orúkọ aládùúgbò kan tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ wá a kàn kí ẹ tó máa lọ.

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo rí i pé alága ọlọ́kadà ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ omi lójú títì. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ fún wọn.